Informations ò sí o: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣeé kà àtèyí tí ò ṣeé kà

Nígbà kan mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, gbogbo ọgbọ́n orí mi ni mo dà sínú ẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dùn mọ́ mi nínú, mo wá ní kí n fi han ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ kí n tó fi ránṣẹ́. Bírò pupa ló mú, ó yí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ká: informations, advices, equipments. Ó ní lẹ́tà náà dáa, àmọ́ s mẹ́ta yìí ti tú àṣírí mi. Mo bi í pé kí ló dé, ṣé ìmọ̀ràn ò lè ju ẹyọ kan lọ ni? Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé inú ìbéèrè tí mo bi í yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Yorùbá ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí. Aṣeékà ni èyí tó lè jẹ́ ọ̀kan, tó lè jẹ́ méjì, tó ń gba s tó bá ti ju ẹyọ kan lọ: a book, two books. Aláìṣeékà ni èyí tí wọ́n mú lódindi bí ẹni bu omi, kì í gba a níwájú, kì í gba s lẹ́yìn: water, sand, advice. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ wa ni pé nǹkan téèyàn bá lè kà ni countable, èyí téèyàn ò bá lè kà ni uncountable. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò gbé wa débì kankan. Ṣé a ò lè ka àga àti tábìlì tó wà nínú pálọ̀ ni? A lè kà á dáadáa, síbẹ̀ furniture ò gba s. Owó ńkọ́? Ohun tí bánkì ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni kí wọ́n máa ka owó, síbẹ̀ money ò ṣeé kà nínú gírámà. Ẹ yé wo nǹkan tó wà nílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Lédè tiwa, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà. Ìwé kan, ìwé méjì, ìwé ọgọ́rùn-ún, ìwé náà ni. Nọ́ńbà tàbí "àwọn" ló ń ṣe iṣẹ́ tí s ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Torí ẹ̀, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ti lè gba nọ́ńbà lẹ́nu wa, ọkàn wa á ti gbà pé ó gbọ́dọ̀ gba s lẹ́nu Òyìnbó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ yìí o. Ta ló ń sọ pé "iyanrìn mẹ́ta" tàbí "èéfín méjì"? Garawa iyanrìn mẹ́ta la máa ń sọ. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ lẹ ti mọ̀ ọ́n lára. Wàhálà ẹ̀ ò ju àwọn ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti yà lọ́nà lọ, ibẹ̀ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́, èyí tó kù ẹnu yín ti mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi Yorùbá dán an wò ná

Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá dá yín lójú, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú nọ́ńbà, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún létí. Omi mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin, afẹ́fẹ́ méjì, òróró márùn-ún, eruku mẹ́ta. Ṣẹ́ ẹ rí i pé kò wọ̀? Tí Yorùbá bá ti kọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà Gẹ̀ẹ́sì náà á kọ̀ ọ́: water, blood, air, oil, dust, kò sí èyí tó ṣeé kà níbẹ̀. Ẹ kọjá, kò sí àríyànjiyàn.

Àwọn nǹkan wóró-wóró ló máa ń dani rú díẹ̀ níbí. Létí Yorùbá, ìrẹsì àti ẹ̀wà ò yàtọ̀ síra, kò sẹ́ni tó ń ka ìkankan nínú wọn àfi tó bá ń ka wóró ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò rí i bẹ́ẹ̀. Rice ò ṣeé kà, the rice is ready. Beans ṣeé kà ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́, the beans are ready. Sugar, salt, flour, wheat bá rice lọ, peas sì bá beans lọ. Ìtàn kan wà nídìí peas yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an. Láyé àtijọ́ pease ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń lò ó bí wheat, fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Ìró tó wà nídìí ẹ̀ ló wá tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n rò pé s ọ̀pọ̀ ni, wọ́n bá gé e kúrò, láàárín 1600 sí 1700 pea ti di ọ̀rọ̀ fún wóró kan ṣoṣo. Ẹ ò rí nǹkan, àwọn tó lèdè gan-an ṣi s mú, ẹ má fi tiyín da ara yín láàmú jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Tí Yorùbá bá gbà á, ẹ ṣọ́ra

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà sí i tó sì dùn létí ní Yorùbá, ìyẹn ò tíì sọ pé Gẹ̀ẹ́sì máa gbà á. Ìmọ̀ràn mẹ́ta, ìròyìn méjì, ẹ̀rí mẹ́rin, ìwádìí méjì, ẹrù márùn-ún, ohun èlò mẹ́wàá, búrẹ́dì méjì, gbogbo ẹ̀ ló wọ̀ lẹ́nu wa, kò sì sí ìkankan nínú advice, news, evidence, research, luggage, equipment àti bread tó gba two níwájú nínú Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro. Àwọn ọ̀rọ̀ báyìí ò pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe rò. Mo kọ tèmi sórí bébà kan, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín.

Àkọ́kọ́ ni àwọn nǹkan tó ń ti ẹnu jáde tàbí tó ń wọ orí: advice, information, news, evidence, research, knowledge, feedback, progress, homework. Ẹ máa rò ó báyìí pé Òyìnbó ń da ìmọ̀ràn síni létí ni, bí ẹni da omi, kì í kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Kì í ṣe an advice, kì í ṣe many advices, some advice ni. Kì í ṣe a good news, good news lásán ni: this is good news. Èmi gan-an ṣì máa ń fẹ́ sọ a good news tí inú mi bá dùn jù, torí pé "ìròyìn ayọ̀ kan" ló wà lọ́kàn mi.

Ìkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ agbo, tí kì í ṣe orúkọ ọmọ agbo. Ẹ fún èyí láyè lórí yín dáadáa torí òun ló ń mú èèyàn jù. Furniture lorúkọ agbo, chair, table àti bed lọmọ agbo. Equipment lagbo, tool àti machine lọmọ. Luggage lagbo, bag àti suitcase lọmọ. Jewellery lagbo, ring àti necklace lọmọ. Traffic lagbo, car àti lorry lọmọ. Machinery, stationery, cutlery, clothing, software, bákan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ ọmọ ló ń gba nọ́ńbà, orúkọ agbo kì í gbà á. Torí ẹ̀ two chairs tọ̀nà, two furnitures ò tọ̀nà, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àga méjì kan náà lẹ ń sọ nípa ẹ̀. Softwares yẹn ńkọ́, tó kún inú ìwé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ẹ yọ s yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sọ pé programs tàbí apps tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà wọ́n.

Ìkẹta ni àwọn nǹkan tá à ń rí lódindi kan, lódindi kan, tá a wá ń kà láìronú: búrẹ́dì, ọṣẹ, ṣọ́ọ̀kì, bébà. Àwa ń sọ pé ọṣẹ méjì, ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta. Bread, soap, chalk àti paper ò gbà bẹ́ẹ̀, nǹkan ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìkẹrin ló dùn mọ́ mi jù, ìyẹn ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ti di méjì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ṣeé kà, èkejì ò ṣeé kà. "Iṣẹ́" lè di work, tí ò ṣeé kà, ó lè di job, tó ṣeé kà. Torí ẹ̀ lẹ́ni tó bá sọ pé "I have found a work" ṣe ń mú kí ojú Òyìnbó fà, a job ló yẹ kó sọ. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn yín, a lot of work ni, kì í ṣe many works, torí works jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ ọnà tàbí òǹkọ̀wé ṣe sílẹ̀. "Orin" lè jẹ́ music, kò ṣeé kà, ó lè jẹ́ song, ó ṣeé kà. "Ewì" lè jẹ́ poetry, ó lè jẹ́ poem. "Ìrìn-àjò" lè jẹ́ travel, ó lè jẹ́ trip tàbí journey, ẹ má sọ pé a travel. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ kan tí ò gba nọ́ńbà, ẹ béèrè pé ta lèkejì ẹ̀ tó gbà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbì kan nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ ibi mẹ́ta wò nínú gbólóhùn

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìhà tí ọ̀rọ̀ yẹn wà, àtúnṣe ò tíì parí, torí kì í ṣe s nìkan ni ìyàtọ̀ náà ń fara hàn lára ẹ̀.

Ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ náà. Aláìṣeékà kì í gba a tàbí an, ìyẹn ti yé wa. Èyí táwa ọmọ Yorùbá máa ń gbàgbé ni òdìkejì ẹ̀, pé aṣeékà tó bá jẹ́ ẹyọ ò gbọ́dọ̀ wà níhòòhò. A máa ń sọ pé "mo ní mọ́tò", kò sí nǹkan tó sún mọ́ a níbẹ̀, èèyàn á wá kọ ọ́ pé I have car. Rárá o. I have a car, my car, the car, this car, one car, kí nǹkan kan ṣáà wà níwájú ẹ̀. "Tíṣà ni mí" náà, I am a teacher ni, kì í ṣe I am teacher. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ló lè dá dúró, cars are expensive, aláìṣeékà náà lè dá dúró, water is life.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Aláìṣeékà máa ń mú is, was, has, bó ti wù kó pọ̀ tó. The information is correct. The luggage was heavy. All the equipment has arrived, kódà kó jẹ́ pé tírélà mẹ́ta ló kó o wá.

Kẹ́ ẹ wá wo arọ́pò-orúkọ tó tẹ̀lé e nínú gbólóhùn kejì, ibi tó pa mọ́ sí jù nìyẹn. Èèyàn á kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ dáadáa, "Thank you for your advice", á wá bà á jẹ́ níwájú, "I will follow them". It ni. I will follow it. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà ń ṣubú síbẹ̀ torí pé "wọn" ti wọlé láti ẹ̀yìn orí.

Ìgbésẹ̀ 4: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á dandan, ẹ wá nǹkan ìwọ̀n

Àwa náà ń ṣe é, garawa omi mẹ́ta, ìṣù òwú méjì. Nọ́ńbà lọ sára garawa, kò lọ sára omi. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é, s á wà lára nǹkan ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn of á wà bó ṣe wà: three buckets of water, two loaves of bread, a bar of soap, two sheets of paper, a grain of rice, a drop of oil, a slice of bread. Àrá àti mànàmáná pàápàá ní tiwọn, a clap of thunder, a flash of lightning. Tẹ́ ẹ ò bá mọ èyí tó tọ́, a piece of máa ń gba èèyàn là: a piece of advice, a piece of furniture, a piece of chalk, a piece of news, two pieces of luggage.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà á tẹ̀lé nǹkan ìwọ̀n. Two pieces of furniture are missing, ẹ wò ó pé are ló dé. Kó má baà wá di pé gbogbo ìlà ni piece of ń jáde bíi èèhù o. Tí èèyàn bá kọ three pieces of information àti two pieces of advice àti four pieces of equipment sínú lẹ́tà kan, kò ṣẹ̀, àmọ́ á máa dún bí ìwé ìdánwò. Ẹ lo orúkọ ọmọ agbo tá a sọ lókè yẹn: three details, two suggestions, four machines. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ lo piece of mọ́ báyìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Much, many àti ìdílé wọn

Many, few, fewer, several, each, every, a number of: aṣeékà ló ni wọ́n. Much, little, less, an amount of: aláìṣeékà ló ni wọ́n. Some, any, a lot of, plenty of, enough, more, most: ọ̀dọ̀ méjèèjì ni wọ́n ń gbé. Tí orí yín bá dàrú lójijì níbi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ẹ sá wọ abẹ́ a lot of, kì í já èèyàn kulẹ̀. Ó tiẹ̀ sàn jù nínú gbólóhùn tó ń sọ pé nǹkan wà, torí much sábà máa ń fẹ́ wà nínú ìbéèrè tàbí nínú gbólóhùn tó ní not. Do you have much time? I don't have much time. Àmọ́ I have much time ń dún bí ẹni tó ń ka ìwé ayé àtijọ́, I have a lot of time ló wọ̀ jù.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni a kékeré tó wà níwájú few àti little. Ó jọ pé kò ṣe nǹkan kan, ó sì ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. I have a few friends here ni pé mo ní ọ̀rẹ́ díẹ̀ níbí, ọkàn mi balẹ̀. I have few friends here ni pé ọ̀rẹ́ mi ò tó nǹkan níbí, àánú ara mi ń ṣe mí. I have a little money, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, a lè jọ jáde. I have little money, owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan, ẹ má bi mí léèrè nǹkan kan. Ẹ fọkàn sí i pé "díẹ̀" ń bá a kékeré yẹn rìn, "kò tó nǹkan" kì í bá a rìn. Ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ pé I have little experience, tó rò pé òun ń sọ pé òun ní ìrírí díẹ̀, ó ti fẹnu ara ẹ̀ lé ara ẹ̀ jáde nìyẹn.

Less àti fewer wá ńkọ́? Òfin tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé fewer books, less water. Lẹ́nu Òyìnbó fúnra wọn, less books ń jáde lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe òní. Lọ́dún 1770, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Baker kọ ọ́ sílẹ̀ pé less lèèyàn sábà máa ń lò fún iye nǹkan, àmọ́ lójú tòun fewer á dáa jù. Ohun tó wù ú ló sọ o, àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ló sọ ọ́ dòfin. Tó bá jẹ́ ìdánwò tàbí lẹ́tà pàtàkì lẹ fẹ́ kọ, ẹ tẹ̀lé òfin náà, kó má di pé ẹnì kan mú bírò pupa. Àyàfi tó bá jẹ́ owó, àkókò tàbí bí ọ̀nà ṣe jìn tó, less than ló tọ́ níbẹ̀ bí nọ́ńbà tiẹ̀ wà: less than 10 minutes, less than 5 kilometres, torí lódindi ni wọ́n mú un.

Ẹ̀tàn kékeré kan kù. A number of people are waiting, are ni, torí ó túmọ̀ sí àwọn èèyàn mélòó kan. The number of people is increasing, is ni, torí iye yẹn fúnra ẹ̀ là ń sọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ béèrè pé ìtumọ̀ wo

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kan wà níbí, èkejì wà lọ́hùn-ún. Ìtumọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ló máa pinnu. Paper ni bébà, a paper sì ni ìwé ìròyìn tàbí iṣẹ́ ìwádìí tí ọ̀mọ̀wé kọ. Glass ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé, a glass ni ife, glasses ni awò ojú. Iron ni irin, an iron ni áyọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fi ń lọ aṣọ. Room ni àyè, there is no room, a room ni yàrá. Time ni àkókò, three times ni ìgbà mẹ́ta. Hair ni gbogbo irun orí, her hair is long, àmọ́ tí fọ́nrán kan bá já sínú ọbẹ̀, a hair ni. Experience ni ìrírí iṣẹ́, experiences ni àwọn nǹkan tójú èèyàn ti rí, torí ẹ̀ five years of experience ló máa wà nínú ìwé ìwáṣẹ́ yín, kì í ṣe five years experiences. Damage ni ìbàjẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan, damages ni owó gbà-má-bínú tí kóòtù ní kí wọ́n san nítorí ẹ̀. S kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù.

Coffee náà ò ṣeé kà, síbẹ̀ ẹni tó bá jókòó sílé kọfí máa ń sọ pé two coffees, please. Ife ló wà lọ́kàn ẹ̀ tí ò dárúkọ. Kò burú, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun mímu, ẹ má ṣáà gbé e lọ sára advice.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo lẹ́tà kékeré inú díkíṣọ́nárì

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣí díkíṣọ́nárì, tó ń ka ìtumọ̀, tó sì ń fo lẹ́tà kékeré tó wà níwájú ìtumọ̀ yẹn. Òun gan-an lẹ ń wá. Cambridge ń fi C sí aṣeékà, U sí aláìṣeékà. Oxford Learner's àti Longman máa ń kọ countable àti uncountable jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ má kàn wo àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ pa fóònù dé o, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, bá a ṣe rí i lára paper àti iron. Díkíṣọ́nárì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí èyí tí wọ́n ṣe fáwọn tó lèdè náà sábà máa ń fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ìyá wọn ti kọ́ wọn.

Ẹ mọ ibi tí àmì yìí ti wá? Ọ̀gbẹ́ni A. S. Hornby, Òyìnbó tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ Japan, òun àtàwọn méjì míì ló ṣe díkíṣọ́nárì kan tó jáde ní Tokyo lọ́dún 1942, wọ́n fi àmì sí èyí tó ṣeé kà àtèyí tí ò ṣeé kà. Èdè Japan náà ò ní s kankan tó ń lọ sídìí ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi tiwa. Àwọn tó níṣòro tá a ní ni wọ́n ṣe é fún.

Bẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ máa rí i pé ilẹ̀ Òyìnbó gan-an ò fẹnu kò lórí gbogbo ẹ̀. Accommodation ò ṣeé kà lẹ́nu àwọn ará Britain, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń sọ accommodations. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Àwọn alágídí tó kù

Àwọn kan ní s nídìí, síbẹ̀ ẹyọ ni wọ́n: news, mathematics, physics, measles. The news is bad, mathematics is hard. Àwọn kan ò ní s, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni wọ́n: people, police, cattle. The police are coming. Àwọn kan ò sì ní ẹyọ láyé wọn: trousers, scissors, ẹ fi a pair of sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á.

Staff lèyí tí mi ò lè fi sílẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibì kan lápapọ̀ ni staff, kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀pá sì ni staff tún ń jẹ́. Torí náà ẹni tó bá ń sọ pé I am a staff here ń sọ fún aráyé pé ọ̀pá ni òun. A member of staff ni kẹ́ ẹ wí.

Ó yá, ẹ dán an wò

Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ lọ síbi íméèlì tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá informations, advices, equipments, furnitures, luggages, softwares, feedbacks, staffs, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú á tì yín díẹ̀, ojú ti èmi náà. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tún èyí ṣe kẹ́ ẹ tó wo ìdáhùn mi:

"Thank you for the informations, they are very useful. I have bought two furnitures and many equipments for the office, but there is not many money left, so please give me an advice. I have also found a good news: my sister has got work as teacher."

Ẹ wá ti rí i? Tèmi rèé:

"Thank you for the information, it is very useful. I have bought two chairs and a lot of equipment for the office, but there is not much money left, so please give me some advice. I also have good news: my sister has got a job as a teacher."

Tẹ́ ẹ bá kọ two pieces of furniture dípò two chairs, ẹ gbà á. Tẹ́ ẹ bá fi has got work sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gbà á náà, work láìsí a tọ̀nà, as teacher yẹn ló ń wá a. Èyí tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fò ni they are tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fò ó, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3.